Owó Oṣù Tí Ó Ń Gba Ọwọ́ Mi Kọjá

 

Ìyá kan bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé, "Àlájà, ọmọbìnrin mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjókòó ni, owó sì wà níbẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ó lọ?" Mo bi òun náà pé kí ni ó rò pé a ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó ní a ń tẹ̀ ẹ́ ni. Èmi kò fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá rán aṣọ, a ó rí aṣọ. Ẹni tí ó bá mọlé, a ó rí ilé. Tiwa kì í hàn sójú. Láti 1990 ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà, ètò tí ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sì wà ní ìkáwọ́ mi. Bóyá ọkọ ẹlòmíràn nínú yín wà lára àwọn tí owó wọn ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ jẹ́ kí n dá ìyá náà lóhùn níhìn-ín, kí gbogbo yín lè bá a gbọ́.

Ká ní ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí kì í sùn, tí kì í rẹ̀, tí kì í purọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní làákàyè rárá. Ẹ ní kí ó lọ ra tòmátì. Bí ó bá dé ọjà tí tòmátì ti tán, yóò dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí ẹ kò sọ ohun tí yóò ṣe bí kò bá sí. Kọ̀ǹpútà nìyẹn. Iṣẹ́ tiwa ni láti ti ro gbogbo "bí kò bá sí ńkọ́" tẹ́lẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ ọ̀dọ̀ náà gbọ́. Èdè tí mo bá níbẹ̀ ni COBOL. Ní 1959 ni ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò rẹ̀, púpọ̀ nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó sì ti ọ̀dọ̀ obìnrin kan wá, Grace Hopper, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ológun ojú omi. Títí di òní, báńkì àti ilé iṣẹ́ ìjọba púpọ̀ ní ayé ṣì ń lò ó.

Mo ti rò pé wọn yóò ní kí n kọ ètò tuntun, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ètò àtijọ́ ni wọ́n gbé fún mi, tí a tẹ̀ sórí ìwé gígùn tí ó ní ihò létí méjèèjì, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì kí n tó dé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kà á. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́, iṣẹ́ náà nìyẹn: kíka ohun tí ẹlòmíràn ti kọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é, ètò tuntun odindi tí mo kọ kò ju mẹ́ta lọ. Ìyókù, àtúnṣe ni.

Nínú ìwé gígùn yẹn ni mo ti rí ìlà kan tí ó ní òṣìṣẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi 7 bẹ̀rẹ̀, kí a má ṣe yọ owó oúnjẹ lára owó oṣù rẹ̀. Kò sí àlàyé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní àṣìkọ ni, kí n pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo lọ bá ìyá àgbà kan ní ọ́fíìsì àwọn tí ń ṣírò owó, tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ kọ ìwé owó oṣù. Ó wo ìlà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ọlọ́dẹ alẹ́ nìyẹn." Ó ní owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, nígbà tí ilé iṣẹ́ sọ wọ́n di olówó oṣù, wọ́n ṣe àdéhùn pé a kò ní yọ owó oúnjẹ tiwọn, nítorí òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ilé oúnjẹ kì í sì í ṣí lóru. Àwọn 11 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Bí a bá ti pa ìlà kan ṣoṣo yẹn rẹ́, àwọn bàbá 11 ni ìbá máa sanwó oúnjẹ tí wọn kò jẹ, wọn kì bá sì mọ ẹni tí wọn yóò rò ó fún. Mo kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, ìlà mẹ́rin péré. Mo kà á sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó dára jù tí mo ṣe láyé mi.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ni ó ń lé wa kiri. Òfin ni. Ní 2004 òfin owó ìfẹ̀yìntì dé, òṣìṣẹ́ yóò dá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ yóò dá 7.5, mo ní láti tú owó oṣù olúkúlùkù sí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀, nítorí orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a ó ti yọ ọ́. Ní 2014 wọ́n yí i padà, òṣìṣẹ́ 8, ilé iṣẹ́ 10. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, ₦70,000 ní 2024, bí ó bá sì ti lọ sókè ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò ní kí a gbé tiwọn náà. Òfin owó orí tuntun tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2026: ẹni tí owó tí a ó bu owó orí lé kò bá ju ₦800,000 lọ́dún, kò san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ yọ̀. Èmi gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé oorun ti lọ. Iléyá ńkọ́? Lọ́dọọdún ni ó ń fi bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ gba owó kí wọ́n lè ra àgbò. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa tí kò ní làákàyè kò mọ àgbò.

Ẹ ó rántí ariwo ọdún 2000. Látijọ́, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí wọ́n púpọ̀, nítorí náà nọ́ńbà méjì ni a fi ń kọ ọdún, 42 dípò 1942. Bí 2000 bá dé, 00 ni kọ̀ǹpútà yóò rí, bàbá tí a bí ní 1942 yóò sì di ẹni tí kò tíì wá sáyé. Báwo ni yóò ṣe gba owó ìfẹ̀yìntì? Láti 1998 ni a ti ń wá gbogbo ibi tí ọdún wà nínú ètò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni 31 December 1999, ó sì bọ́ sí ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn nínú aáwẹ̀. Mo gbé ìrẹsì sínú kúlà lọ sí ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti jẹ sààrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Aago méjìlá lù, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá àgbà kan ní a ti ná owó ilé iṣẹ́ dànù lórí ohun tí kò sí. Bí ẹni pé àjẹsára tí a fún ọmọ ni a fi ṣòfò, nítorí pé àrùn kò ṣe ọmọ náà!

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa obìnrin. Nígbà tí mo wọlé, mẹ́sàn-án ni wá nínú yàrá wa, èmi nìkan ni obìnrin. Ọ̀gá kan sọ lójú mi pé iṣẹ́ òru kò yẹ ìyá ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì fo orúkọ mi nígbà tí wọ́n ń gbé àwọn ẹgbẹ́ mi ga. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ìyá mi ni ó bá mi gbé àwọn ọmọ pọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ìlú Òyìnbó, Stephanie Shirley, ẹni tí wọ́n gbé sá àsálà wá síbẹ̀ ní ọmọdé ní 1939, ti dá ilé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní 1962 fún àwọn obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ. Ilé wọn ni wọ́n ti ń kọ ètò. Nínú òṣìṣẹ́ 300 àkọ́kọ́, 297 ni obìnrin. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ kò rí èsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí i ní "Steve", èsì sì dé. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n kọ ètò fún àpótí tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde. Nígbà tí wọ́n ti Èkó pa ní òpin oṣù March 2020 nítorí àrùn kòrónà, àwọn ọ̀gá ọkùnrin náà wọ yàrá ilé wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láàárín igbe ọmọ. Owó oṣù April sì jáde lọ́jọ́ tí ó yẹ.

Nítorí náà, ìyá, jẹ́ kí ó lọ, bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó ń béèrè nǹkan kí ó tó pa á rẹ́. Má fi owó gọbọi fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní oṣù mẹ́ta ni yóò fi di ọ̀gá. Wọ́n á sì sọ fún ọ pé àwọn ẹ̀rọ tuntun tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí wọ́n gbòde láti òpin 2022, yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n lè kọ ìlà 100 kí n tó mu ife omi kan tán. Mo gbé ìlà àwọn ọlọ́dẹ alẹ́ yẹn fún ọ̀kan nínú wọn, láìfi àlàyé mi kún un. Ó ní kí n pa á rẹ́.

Èmi tí a bí ní 1966, 2026 ni ètò náà kọ sí iwájú orúkọ mi fún ìfẹ̀yìntì. Ọmọbìnrin tí yóò gba ipò mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ọdún tí ó kọjá, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ti kọ ìwé méjì kún fún un, ìlà tí ó wà níhìn-ín, ẹni tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. Ìkẹta ni mo ń kọ lọ́wọ́.