Kẹ̀kẹ́ Àká fún Ọmọ Wa

Ọmọbìnrin wa ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Sakété, àwa sì ń gbé ní Pọbẹ̀. Takisí ni í gbé e lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti gáréèjì dé ilé ọ̀gá rẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Nítorí náà ni a ṣe wá kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí ó ṣeé ká, kí ó lè wọ ẹ̀yìn takisí.

Méjì ni a rí. Táyà ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 16, bí ti Brompton tí Andrew Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní London. (Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tí ó ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́.) Ìkejì jẹ́ ínǹṣì 20. Bàbá fẹ́ kékeré, nítorí pé ó fúyẹ́. Ìyá ní kí ọmọ kọ́kọ́ gùn ún ná.

Lórí ọ̀dà, méjèèjì dára. Nígbà tí ó wọ ọ̀nà ilẹ̀ pupa, táyà kékeré ń bọ́ sínú gbogbo kòtò, ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Èyí tó tóbi ń gòkè kọjá, ìjókòó rẹ̀ sì ní sípíríǹgì.

A ti fẹ́ sanwó nígbà tí ìyá di kẹ̀kẹ́ náà mú, tí ó mì ín síwá sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń ká a ń ró kẹ́kẹ́: bóòtù rẹ̀ ti jẹ. Bí ó bá ṣí lórí eré ńkọ́? Ojú ti bàbá. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe pààrọ̀ bóòtù náà kí a tó rà á.

Ọmọ ń ráhùn pé ó wúwo láti gbé sínú takisí. Kò tíì ráhùn nípa ẹ̀yìn dídùn.