Odò Ló Kọ́kọ́ Lànà

Nígbàkígbà tí mo bá ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó, tí ọkọ̀ wa sì gun afárá Lafẹ́nwá, mo máa ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó rọra, kí n rójú wo odò. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Ọ̀kan tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé omi yìí náà lẹ fẹ́ wò ni?" N kò bínú sí i. Kò mọ̀ pé àbúrò ni ọ̀nà tí òun fi ń jẹun jẹ́ fún omi náà.

Odò Ògùn ni mò ń wí, kì í ṣe Ògún onírin. Láti apá Ṣakí lódò náà ti ṣẹ̀ wá. Ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì já sí ọ̀sà Èkó. Ọ̀nà mọ́tò tó gba Ìtòrí, Ewékorò, Ifọ̀ àti Ṣángo-Ọ̀tà lọ sí Èkó, ibi tí odò ń lọ náà lòun náà ń lọ.

Àwọn Àwórì ló kọ́kọ́ fi hàn wá. Ìtàn wọn ni pé Olófin àtàwọn ènìyàn rẹ̀ gbé àwo sórí omi, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ibi tí àwo bá dúró sí, wọ́n á dó síbẹ̀. Bó bá tún gbéra, wọ́n á dìde. Wọ́n pẹ́ ní Ìṣẹrí kí àwo ọ̀hún tó lọ rì ní Ìdúmọ̀tà. Nígbà tí àwọn èèyàn bi wọ́n léèrè àwo, èsì wọn ni pé, "Àwo ti rì." Ẹ má bi mí bóyá àwo lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi kì í ṣìnà òkun, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e kò ní ṣì í.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, odò yìí náà ló di ọ̀nà ọjà wọn. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé Arò ni ìyá tirẹ̀ ti máa ń di epo pupa sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, omi ló ń gbé wọn lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ọ̀pá làwọn atukọ̀ fi ń ti ìsàlẹ̀ odò, òógùn á máa ṣàn léjìká wọn. Lẹ́ẹ̀rùn, tí omi bá fà tí àpáta sì yọrí, wọ́n á já ẹrù sílẹ̀ lọ́nà, wọ́n á fi orí rù ú wọlé. Ẹni tó bá di odò mú ló di àpò ìlú mú. Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí G. W. Johnson àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní 1865, owó ibodè lórí ẹrù tó ń jáde wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé, èyí tí ojú irin rẹ̀ kan Ìbàdàn ní 1901. Láàárín Abẹ́òkúta àti Èkó, ibi kan náà lòun àti odò ń lọ, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ tẹ etí omi. Àbàtà ni ìsàlẹ̀ odò. Apá ìwọ̀-oòrùn, lórí ilẹ̀ tó le, ni ojú irin gbà. Ọ̀nà mọ́tò náà tẹ̀ lé e.

Mo ṣì kéré nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ mú mi wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Èkó. Pákó la jókòó lé, àpò gàárì wà láàárín ẹsẹ̀ mi, eruku pupa sì ti kún imú wa kí a tó dé Ifọ̀. Mo béèrè pé odò tí a rí nílé ńkọ́. Ìyá mi na ọwọ́ sápá òsì, ó ní, "Ó ń bá wa rìn. Igbó ni kò jẹ́ kí o rí i."

Odò yìí tilẹ̀ bá àwọn mìíràn rìn ju Èkó lọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Yemọja, ìyá tó ni odò Ògùn, sọdá sí Brazil. Nílùú Salvador, ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlè lọ́dọọdún, etí òkun ni wọ́n ń gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ. Nílé, odò ni tirẹ̀, lọ́hùn-ún, òkun.

Àwa tá a kù nílé la wá gbàgbé. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó la odò náà kọjá ní Kara. Ní 1983, wọ́n ṣí ìdídò Ọyán lókè. Àkúrọ̀ tí ojú irin yẹra fún láyé ìjọ́sí wá di púlọ́ọ̀tì. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní ìdídò, ariwo á ta ní Ìṣẹrí pé odò wọlé.

N kì í fi àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ ṣẹ̀sín, nítorí mo wà lára wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo lọ wo ilẹ̀ tèmi. Ilẹ̀ gbẹ, koríko pọ́n, ẹni tó tà á fún mi sì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kí n lè gbọ́ bó ṣe le tó. Ọdún kẹta tí mo kọ́lé tán ni omi dé ojú fèrèsé. Àwọn aládùúgbò ní odò ti wọlé wa. Èmi ní ilé wa ló wọ inú odò.

Ìlà ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi, ó ga tó àyà ọmọdé. Ọmọ mi àgbà ní kí a kùn ún. Mo ní kó fi sílẹ̀. Odò ṣì ń bá wa rìn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ ibi tó máa ń gbé ẹsẹ̀ sí.