Ọ̀nà Lomé
Láti Àjàṣẹ́ lọ sí Lomé, ọ̀nà ń bá etí òkun lọ: Kútọnu, Grand-Popo, ẹnubodè Hilla-Condji, Aného. Yunifásítì ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Université du Bénin ni wọ́n ń pè é, nígbà tí orílẹ̀-èdè tiwa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kàwé níbẹ̀ fún sáà kan, kírédíìtì 30 ni ètò LMD ń kà fún sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí fákọ́ltì yín nílé fọwọ́ sí àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn kí ẹ tó gbéra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máàkì 16 nínú 20, tó yẹ fún mention très bien, lè má wọ ìwé yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.