Ibi Tí Ẹ̀rọ Ojú Ọjọ́ Dúró Sí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹ̀rọ kì í parọ́. Ní ti ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ tí ń wọn ooru, òjò àti afẹ́fẹ́, tí ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbàgbọ́ yìí kò fi gbogbo ara jẹ́ òótọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè pé pérépéré, síbẹ̀ kí ó máa kọ irọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ibi tí a fi í sí. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Wọ́n fi mí sí i kí n lè ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní èdè tí ó yé wọn.

Láti Èkó ni a ti gbé e wá. Awakọ̀ fẹ́ di gbogbo ẹrù náà mọ́ orí bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òpó irin nìkan ni a gbà kí ó lọ sókè. Inú òṣùwọ̀n òjò ni ohun ẹlẹgẹ́ wà: ife kékeré méjì tí ó so mọ́ ara wọn. Bí omi bá kún ọ̀kan, yóò yí dà á nù, èkejì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi. A fi fóòmù há wọn kí wọ́n má baà máa mì, a sì gbé àpótí wọn lé ẹsẹ̀ wa títí a fi délé.

Ibi tí a ó gbé e sí ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ó wà níwájú ọ́fíìsì àgbà, kí olè má baà jí pátákó sólà rẹ̀ gbé. Ẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí. Ṣùgbọ́n kọnkéré àti páànù a máa gbóná, wọn a sì bu kún ooru tí ẹ̀rọ yóò kọ. Abẹ́ igi náà kò dára: ewé a gba òjò mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́, bí òjò bá sì dá tán, ewé a ṣì máa kán omi sí i. Ìlànà Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ni pé kí ohun tí ń wọn afẹ́fẹ́ wà lókè ní mítà 10, kí ó sì jìnnà sí ilé tàbí igi ní ìlọ́po 10 gíga wọn, ó kéré tán. Ilé tí ó ga ní mítà 6 gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 60.

Gbangba kan ṣoṣo ni ó bá ìlànà yìí mu, bàbá kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà ni ó sì ń gbin àgbàdo síbẹ̀. Ó bi mí pé, "Tíṣà, kí ni ẹ̀rọ yín fẹ́ sọ nípa òjò tí ojú mi kò tíì rí?" Mo dáhùn pé, "Bàbá, ojú yín ti rí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ de àwọn ọmọ yín." Mo ṣàlàyé pé bí ẹ̀rọ bá kọ mílímítà 20, lítà omi 20 ni ó rọ̀ sórí ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun kórè. A dúró dè é.

Lẹ́yìn ìkórè, òun gan-an ni ó bá wa gbẹ́ ihò òpó. A rí i pé òpó dúró ṣánṣán, a kọ ojú pátákó sólà sí gúúsù, a sì rọra da omi tí a ti wọ̀n sínú òṣùwọ̀n òjò, láti mọ̀ bóyá iye tí ẹ̀rọ kọ bá a mu. Bàbá náà ni ó ń tọ́jú ọgbà wáyà tí ó yí i ká. Olè kò tíì débẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ di olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ètò TAHMO, tí ó ní in lọ́kàn láti gbé irú ẹ̀rọ yìí 20,000 kalẹ̀ ní Áfíríkà, a máa gbé wọn sí ọgbà ilé-ìwé. Bí ẹ bá bá ọ̀kan ní ibi tí wọ́n rán yín lọ, ẹ má jẹ́ kí a kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí kí a gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti òjò kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò tí a kọ iye rẹ̀ lódì lónìí ti wọlẹ̀ lọ. Kò sí òtítọ́ tí yóò lé e bá.