Ọjọ́ Orí Táyà

Bí ẹ bá ń ra táyà, ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Hayin Banki, Kàdúná, ẹ̀gbọ́n mi ń wá táyà fún Golf GTI rẹ̀. Mai faci, bí a ṣe ń pe fọkanáísà níbẹ̀, gbé tòkunbọ̀ tó ń dán jáde. Mo ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT: 1412, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2012. Àgbàlagbà ni! Lẹ́tà T ara rẹ̀ kò kọjá eré kìlómítà 190 ní wákàtí. V tí ọkọ̀ náà ń lò dé 240. Rọ́bà tó gbó a máa le, a máa sán; bó bá bẹ́ lọ́nà Zaria ńkọ́? Ọkọ̀ náà wà nílé títí owó táyà tuntun mẹ́rin fi pé. Táyà ṣeé rà; ẹ̀mí kò ṣeé rà.