Takété Àbàtà

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tó bá ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ẹbí ni àwọn àgbà fi ń bá wí. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí á wá ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ omi, láti ìgbà náà la sì ti ń gbèjà àbàtà. Takété tó takété yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú odò Ọ̀ṣun. Ilẹ̀ olókè Èkìtì, lẹ́bàá Ìgèdè, ló ti sun, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé Òṣogbo, kó tó dorí kọ gúúsù lọ sínú ọ̀sà. Àpáta ni ọ̀pọ̀ òkè ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, kò ríbi wọ̀, ńṣe ló ń sáré sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tó bá bá àbàtà pàdé nísàlẹ̀, pẹ̀lú koríko, ògùrọ̀ àti ọparun, eré tán nìyẹn. Omi á tàn kálẹ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á rọlẹ̀, púpọ̀ á sì rin wọlẹ̀. Omi tó wọlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ni ṣẹ́lẹ̀rú ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Òun ló jẹ́ kí àwọn ìyá wa máa já ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ ní oṣù kejì, nígbà tí oko orí òkè ti gbẹ táútáú.

Ọ̀rọ̀ kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa: kí ni ká pe gbogbo ilẹ̀ tí òjò orí rẹ̀ ń ṣàn sínú odò kan náà? Àwọn kan ní "agbègbè ìṣàn omi". Ó tọ̀nà, àmọ́ ó dún bí ìwé ìjọba. Ẹnì kan ní ká pè é ní "agboolé odò", nítorí ohun tó bá ṣe òkè kò ní ṣàì dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ la fàbọ̀ sí. (Olùkọ́ wa ò tíì gbà. Ó ní agboolé gbọ́dọ̀ ní baálé, ta ni baálé odò? A ṣì ń ronú.)

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wúrà wà nínú iyanrìn àfonífojì, torí pé omi ló ń gbá a kúrò lára òkè láti ayébáyé. Nítorí náà àbàtà gan-an ni àwọn awakùsà ń hú. Wọ́n á gé igi, wọ́n á kó ilẹ̀ dúdú dànù, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á fọ erùpẹ̀, wọ́n á sì dá omi ẹlẹ́rẹ̀ padà sódò. Ọ̀ṣun wá dà bíi tíì onímílíìkì. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 wà nísàlẹ̀ gbogbo èyí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí àwọn obìnrin ń bù lọ nítorí ọmọ!

Ṣé ó ṣe é tún ṣe? Ó ṣe é ṣe, àmọ́ òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń kó ẹrẹ̀ ní Òṣogbo nígbà tí kòtò ṣì ń ṣí lókè, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń pọnmi. Kí wọ́n dí kòtò, kí wọ́n fi igi àti òkúta ṣe ìdènà kéékèèké sójú ọ̀gbàrá, kí wọ́n gbin ọparun padà sí bèbè. Ẹ má dárúkọ kọnkéré fún wa; lílé ni kọnkéré ń lé omi lọ, kò lè fi í pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Ní òkè California, ní 2023, wọ́n dá ẹranko beaver méje, ìdílé kan ṣoṣo, padà sí Tásmam Koyóm, ilẹ̀ àwọn Maidu. Ẹranko yìí a máa fi igi dí odò kí omi lè tàn sórí koríko. Àwa ò ní irú rẹ̀, ọwọ́ la ó fi ṣe tiwa.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ẹ bá wa bi àwọn ìyá àgbà ní orúkọ oríṣiríṣi àbàtà ní ẹ̀ka-èdè yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Àwọn èyí tó ti di kòtò, ẹ kọ orúkọ tiwọn náà.