Lọ́wọ́ Ta Ni Sípánà Kànga Wà?

Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá lọ́sẹ̀ yìí, omi àwọn ará abúlé tí ìjọba tàbí ọlọ́rẹ kan gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún. Bí irú kànga bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ bàjẹ́, ta ni í kọ́kọ́ mọ̀? Kì í ṣe baálẹ̀, kì í sì í ṣe èmi tí mo jẹ́ ládàánì. Obìnrin tí ó ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà láràárọ̀ ni. Yóò ní, "Ẹ̀rọ yìí ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ju ti àná lọ." Yóò ní, "Mo fà á títí kí omi tó yọ." Ọ̀rọ̀ yìí dà bí àròyé lásán létí àwa ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìròyìn àìsàn ẹ̀rọ. Rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí a bá fi í sílẹ̀, ohun kékeré yóò di ohun tí à ń dá owó ńlá sí.

Ní abúlé tí mo ti ń pe ìrun, ọkùnrin méje ni ìgbìmọ̀ kànga wa. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀. Sípánà tí a fi ń tú ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹni náà sì ti kó lọ sí Ìbàdàn. Oṣù márùn-ún ni ẹ̀rọ ti dákẹ́ báyìí. Èmi tí mo máa ń jí ṣáájú gbogbo ènìyàn nítorí ìrun àsúbàá, mo ń rí iná tọ́ọ̀ṣì àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdébìnrin lójú ọ̀nà odò kí n tó gbé ohùn sókè. Àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Àwa ọkùnrin ń fi omi tí wọ́n pọn ṣe àlùwàlá, a ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ má ṣe rò pé ìrìn ẹsẹ̀ nìkan ni ìyà rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà tó mi yóò rántí sobìyà, aràn gígùn tí í yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn, tí à ń fi igi ká díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jáde. Inú omi adágún ni a ti ń mu ún. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ń ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 1988, wọ́n ju 650,000 lọ. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi aṣọ sẹ́ omi nílé wọn ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ náà. Sobìyà ti lọ, ṣùgbọ́n onígbáméjì kò tíì lọ, omi tí kò mọ́ ni ó sì ń gbé e kiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ará Kwale fún yín. Kwale wà létí òkun ní ilẹ̀ Kenya, ní ìhà gúúsù Mombasa. Àwọn Digo ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ri ẹ̀rọ omi àfọwọ́fà síbẹ̀ láti dán an wò. Ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní KWAHO rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ jókòó ti àwọn ará abúlé, pàápàá àwọn obìnrin. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ omi sílẹ̀, wọ́n fi obìnrin sí i, wọ́n kọ́ wọn ní àtúnṣe ẹ̀rọ. Obìnrin ni wọ́n sábà ń fi ṣe akápò, nítorí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé wọn lórí owó. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má bínú sí mi. Kwale ni mo ń sọ.

Ohun tí ó wù mí jù ni ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, páìpù irin ni wọ́n ní. Bí rọ́bà kékeré bá jẹ nísàlẹ̀, àfi kí a fa gbogbo irin yẹn jáde, iṣẹ́ àwọn géńdé pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹpẹtẹ. Nígbà náà ni wọ́n ṣe èyí tí à ń pè ní Afridev, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Malawi, tí wọ́n sì tún fi ọgbọ́n kún ní Kenya. Páìpù rẹ̀ jẹ́ ike, kì í sì í kúrò ní àyè rẹ̀; inú rẹ̀ ni a ti ń fa ọ̀pá àti rọ́bà jáde. Sípánà kan ṣoṣo ni ó ń tú ẹ̀rọ náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí obìnrin abúlé baà lè tún un ṣe láìpe ẹnikẹ́ni láti ìlú. Ní Banda pẹ̀lú, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní ilẹ̀ Íńdíà, ní nǹkan bí 1991, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin tálákà tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, àwọn náà sì di ẹni tí ń gbé sípánà kiri.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ omi ìlú kì í ṣe ti obìnrin. Ẹni náà kò ha gbọ́ nípa Sùbédà, aya Kàlífà Hárúnà Ráṣíìdì? Ó ti tó 1,200 ọdún tí ó ti fi owó ara rẹ̀ la ojú omi wọ Mẹ́kà nítorí òùngbẹ tí ń pa àwọn alálàájì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le lójú mi ni owó iṣẹ́. Obìnrin tí ó pọnmi, tí ó dáná, tí ó lọ sóko, ṣé kí a tún wá fi àtúnṣe kànga kún ẹrù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Bí ọkùnrin bá tún un ṣe, à ń sanwó. Owó náà ni kí a san fún obìnrin, láti inú ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù. Ní 1992, ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ẹnu kò pé ipa pàtàkì ni obìnrin ń kó nínú ìpèsè omi àti ìtọ́jú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìpinnu Dublin kò lè tú nọ́ọ̀tì.

Ní abúlé tiwa, àwọn àgbà ti gbà kí obìnrin méjì wọ ìgbìmọ̀: ìyá onírú kan àti ìyàwó télọ̀. Mẹkáníìkì kan sì ti ṣèlérí láti kọ́ wọn. Ó ku sípánà. Ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun yóò mú un dání bí òun bá ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Ìyá onírú ní kí ló dé tí a kò lè dáwó ra òmíràn lọ́la. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á.